Kí Ojú Má Rí Iṣẹ́ Ọmọ́wùnmí

Àárẹ̀ oríṣiríṣi ló wà láyé, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tó wà lára Gbóyèga Ṣóbọ̀wálé lọ́dún tí à ń wí yìí, bí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n àwọn aláta Ìkòtún, òṣùwọ̀n náà á ké pe ìyá rẹ̀. Ọdún keje rẹ̀ rèé ní yunifásítì, nídìí ẹ̀kọ́ fíìmù ṣíṣe. Ìyanṣẹ́lódì jẹ ọdún kan nínú rẹ̀, àìsàn jẹ ọdún kan, ìdánwò tí kò yege sì ń wọ́ tẹ̀lé e bí ìrù ọ̀bọ. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún débi pé ẹyẹ ń wò ó bí ẹni tó ń wá ilé.

Idán orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́: bí ilé ṣe ń jó láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná, bí òjò ṣe ń rọ̀ nínú yàrá. Wọ́n á ta aṣọ àwọ̀ ewé sẹ́yìn òṣèré, wọ́n á ya fíìmù rẹ̀, kọ̀ǹpútà á yọ àwọ̀ ewé náà dànù, wọ́n á wá fi ohun tó wù wọ́n dí àlàfo ibẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ò bá yọ tán, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán mẹ́rìnlélógún fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Ènìyàn á jókòó tì í títí ìdí rẹ̀ á fi ta gbòǹgbò, òṣèré ò ní tíì ṣẹ́jú tán.

Lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá kan ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì. Àga kan. Owó oṣù, àti yàrá tí iná kì í kú. Ẹni tí fíìmù ìṣẹ́jú méjì rẹ̀ bá gbayì jù lọ́jọ́ àfihàn ló ni àga náà. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ Gbóyèga, Oǹdó ló kù, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò, títí kan ewúrẹ́ wọn, pé ọmọ òun ti di aláṣẹ fíìmù l'Ékòó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dí i lọ́nà. Ọmọ́wùnmí Ọláyẹmí ni, ọmọ Ìgàndó, tí kò sanra ju ọwọ̀ lọ. Gbóyèga gan-an ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé àwòrán àkọ́kọ́. Ọmọ náà wá mọ̀ ọ́n gé ju ọ̀gá lọ. Bí ó bá fi iná sórí omi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í wá fèrèsé.

Olùkọ́ wọn, Ọ̀gá Abdulganiyy, ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ lójoojúmọ́: "Idán tí ojú bá rí kì í ṣe idán." Gbóyèga ti gbọ́ ọ fún ọdún méje, ó ti di ariwo fáànù létí rẹ̀.

* * *

Ní Ẹgbẹ́dá, lẹ́yìn àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń tún bátìrì ṣe. Bàbá Akínbọ́lá ló ni ín. Bátìrì ló wà níwájú kọ́tìnì; nǹkan mìíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ejò kan bu bàbá náà ṣán lọ́dún kan, ejò náà ṣì ń gba abẹ́rẹ́ títí dòní.

Ọ̀sán ni Gbóyèga lọ. Bàbá kì í gba àlejò lálẹ́. Ó ní alẹ́ lòun fi ń sùn.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàbọ̀. Jókòó. Má jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹnì kan wà níbẹ̀."

Gbóyèga wo àga náà. Ó ṣófo. Ó rọra fẹ̀yìn ti ògiri, kò jókòó mọ́.

"Kí lo mú wá lára nǹkan rẹ̀?"

Gbóyèga na téèpù funfun kan sí i, tí wọ́n gé bí àgbélébùú kékeré. Irú rẹ̀ ni Ọmọ́wùnmí lẹ̀ káàkiri ara aṣọ àwọ̀ ewé rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí kámẹ́rà ń rìn sí.

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Rárá o, sà. Iṣẹ́ la fi ń ṣe."

"Àgbélébùú lẹ fi ń ṣiṣẹ́? Ẹ kú ewu." Bàbá yí téèpù náà po. "Kí lo fẹ́ ká ṣe é? Kó máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ n'Íyànà Ìpájà?"

"Èèwọ̀ o! Ẹ má fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀, sà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Kí ojú ẹnikẹ́ni má ṣe rí iṣẹ́ rẹ̀."

Bàbá gbójú sókè. "Ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí n ṣe wí i? Kí ojú má rí iṣẹ́ rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Gbóyèga fi ẹnu ara rẹ̀ dá a lóhùn.

Ohun tí Bàbá ní kó lọ wá, orí yóò ta yín bí ẹ bá gbọ́ ọ: omi òjò tí kò tíì kan òrùlé, iyẹ́ adìyẹ tí kò sọdá títì Ìpájà rí, eruku abẹ́ bàtà ẹni tí kò jẹ gbèsè. Ti ìkẹta yẹn nìkan gba ọjọ́ mọ́kànlá, torí pé ó yí Alimoṣo po tán kó tó rí ẹnì kan, ẹni náà sì jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́fà tí wọn ò tíì wọ̀ ní bàtà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi rìn. Bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn jókòó ti fíìmù rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bi mí. Òun náà bi ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó sì yára ronú nǹkan mìíràn.

Bàbá jó gbogbo rẹ̀ di ẹbu dúdú. Ó pọfọ̀ sí i:

"A kì í rí ẹsẹ̀ ejò lórí eruku. A kì í rí ibi tí ẹ̀fúùfù tẹ́ ẹní sí. Ojú kì í rí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Kí ojú má rí iṣẹ́ Ọmọ́wùnmí."

Àga tó ṣófo yẹn dún gìrì, bí ẹni pé ẹnì kan yí ìdí padà lórí rẹ̀.

"Gbọ́," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Iṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe é ò jìnnà síra wọn. Bí ó bá ṣàn kọjá ibi tá a rán an, má padà wá sọ́dọ̀ mi. Ẹnu tó bá tọ́ka sí ẹni náà pé òun rèé, ẹlẹ́nu náà ni yóò gbé e wọ̀."

* * *

Ọ̀sán gangan ni wọ́n ní kó fẹ́ ẹ. Yàrá kọ̀ǹpútà dá wáí. Gbóyèga tú ìwé tí Bàbá fi di ẹbu náà, ó fẹ́ ẹbu sórí àga Ọmọ́wùnmí, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò tíì pe ìkẹta délẹ̀ tí ọmọ́ńlé kan já bọ́ láti àjà, ó bọ́ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Ojú kan ń wo Gbóyèga, ojú kejì ń wo àga. Ó wá sá lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Bàbá Kíláàsì! O ti jẹun?"

Ọmọ́wùnmí nìyẹn, tòun ti búrẹ́dì gbígbóná nínú ọ̀rá. Ó fà á sí méjì, ó na ìdajì sí i.

"Ebi ò pa mí."

"Irọ́ ńlá. Ojú ẹ ti wọnú débi pé àkàbà ni wọ́n máa fi gbé e jáde. Gbà jàre."

Ó gbà á. Búrẹ́dì náà dùn. Èyí tó bà á nínú jẹ́ jù nìyẹn.

Ọmọ́wùnmí jókòó. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fáànù dúró, bẹ́ẹ̀ iná ò lọ. Gbóyèga wo gíláàsì kọ̀ǹpútà ọmọ náà tí wọn ò tíì tàn, tó dúdú bíi dígí. Ó rí ògiri nínú rẹ̀. Ó rí àga. Kò rí ẹni tó jókòó lórí àga náà.

* * *

Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá Abdulganiyy pe orúkọ, Ọmọ́wùnmí dáhùn "Sà!" bí ìbọn, ọ̀gá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì kí gbogbo ènìyàn, kò kí i. Ẹni tó ń ta gúgúrú wo ibi tó dúró sí, ó tu itọ́ síbẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló kọjá mi lónìí," ni Ọmọ́wùnmí sọ fún Gbóyèga lọ́jọ́ kan. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ bíi ti arúgbó. "Nígbà tí mo wọ ìkarùn-ún tipátipá, ìyá kan jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Mo pariwo. Ó ní àga yìí gbóná o, ó sì tún ìdí ṣe."

"Oorun ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Gbóyèga." Ó wò ó ṣùn-ùn. "Ìwọ nìkan lo ṣì ń dá mi lóhùn."

Gbóyèga dìde. Ó ní òun ń lọ tọ̀. Kò padà wá.

* * *

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ìyá Ọmọ́wùnmí ló dúró síta, tíṣà ọmọ Èkìtì, tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tó sì gbé abọ́ kan dání tó fi aṣọ bò.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Mi ò ní pẹ́."

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín náà, ojú rẹ̀ ò dá sí i.

"Lánàá, mo bu oúnjẹ sórí tábìlì. Abọ́ kan ṣoṣo ni mo bù. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ abọ́. Àṣé ọmọ mi jókòó lọ́ọ̀ọ́kán mi, ó ń sunkún. Ọmọ kan ni mo bí láyé, Gbóyèga. Mo gbàgbé pé ó wà nílé."

Gbóyèga tẹjú mọ́ abọ́ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti gbààwẹ̀, àlùfáà ti gbàdúrà. Lẹ́yìn náà mo gba Ìkòtún lọ, ìyá kan tó ń ta ewé bá mi fi nǹkan díẹ̀ kún un. Ọlọ́run á dárí jì mí." Ó ṣí abọ́ náà. Àádùn ni, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, òórùn epo gba yàrá. "Gbogbo ọmọ kíláàsì yín ni mo ń gbé e fún. Ìwọ ni ẹnì kejìlá. Gbogbo wọn ló jẹ."

"Mo... mo ti jẹun, mà."

"Ẹ̀kúnwọ́ kan lásán ni." Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, àádùn lásán ni. Ẹni tó bá bo ọmọ mi mọ́lẹ̀, kò ní rí nǹkan mìíràn mọ́ àfi òun. Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Àbí kí ló dé?"

Bí ó bá kọ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Gbóyèga bù ú sẹ́nu. Kò dùn, kò korò. Ńṣe ló dà bíi pé ó ń jẹ ọ̀sán ọjọ́ tó fẹ́ ẹbu yẹn.

"Ó ṣeun," ni ìyá náà wí. Ó bo abọ́ rẹ̀, ó lọ.

* * *

Fíìmù Gbóyèga dá lórí apẹja kan tó ń rìn lórí omi ọ̀sà. Ó ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ́wùnmí wà lórí omi náà. Ó dúró sẹ́yìn apẹja, ó di ìdajì búrẹ́dì mú, ó ń wo iwájú.

Gbóyèga pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì dáhùn. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ: ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrò. Àwòrán kan, àwòrán kejì, mẹ́rìnlélógún fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àwòrán. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gé e. Nígbà tó parí, ó tan fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà tún wà níbẹ̀. Ó ti jẹ díẹ̀ nínú búrẹ́dì náà.

Ó pe ará ilé kan wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ènìyàn mélòó lẹ rí?"

"Apẹja kan. Ó ń rìn lórí omi. Àbúrò, lọ sùn."

Ó dìjú láti sùn, ọmọ náà wà lẹ́yìn ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó bọ́jú, ó wà nínú bàsíà. Ó bù gààrí, ó wà lórí omi gààrí níbi tí ẹ̀pà yẹ kó wà. Oorun sá fún un bí olówó ṣe ń sá fún àna. Nígbà tí ọjọ́ àfihàn fi máa pé, bí ẹ bá fi ìka kan ti Gbóyèga, ọjọ́ kejì ni yóò parí ìṣubú.

* * *

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àfihàn. Gbọ̀ngàn kún. Màdáámù Charity, ìyá tó wá láti ilé iṣẹ́ fíìmù, jókòó níwájú. Wọ́n fi ti Gbóyèga hàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ dáadáa. Wọ́n fi tàwọn tó kù hàn. Wọ́n wá fi ti Ọmọ́wùnmí hàn.

Ìyá rẹ̀ ló ṣe òṣèré rẹ̀. Ilé kan ń jó, òrùlé ń ya lulẹ̀, ìyá náà rọra jáde láàárín iná pẹ̀lú ìkòkò lórí, kò sáré. Ó parí. Ẹnì kankan ò pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gá Abdulganiyy," ni Màdáámù Charity wí, inú ń bí i, "iṣẹ́ dà níbẹ̀? Mi ò rí iṣẹ́ kankan. Ilé lọmọ yìí dáná sun! Ta ló fún un láàyè, tó tún ti ìyá arúgbó sínú rẹ̀?"

Inú Gbóyèga dùn. Ó ti jẹ́. Bàbá Ẹgbẹ́dá mọṣẹ́.

"Mà," ni Ọ̀gá Abdulganiyy wí, "kò sí ilé. Kò sí iná. Ẹ wo ohun tó yà." Ó tẹ bọ́tìnnì. Aṣọ àwọ̀ ewé nìkan ló hàn, nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán n'Ígàndó, tòun ti àgbélébùú funfun kéékèèké káàkiri rẹ̀, tí ìyá tíṣà kan gbé ìkòkò òfìfo rìn kọjá níwájú rẹ̀. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ni. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ojú ò rí iṣẹ́ rárá."

Gbọ̀ngàn bú gbàmù. Wọ́n dìde, wọ́n gun àga. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Gbóyèga ti gbọ́ fún ọdún méje ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ etí rẹ̀. *Idán tí ojú bá rí kì í ṣe idán.* Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n bi í, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ náà di ọ̀gá.

"Àga ti rí ẹni tó ni ín," ni Màdáámù Charity wí. "Ọmọ́wùnmí Ọláyẹmí, bọ́ síwájú!"

Ó bọ́ síwájú. Ó dúró níwájú wọn gan-an. Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ́wùnmí dà?"

"Èmi rèé, mà!" Gbóyèga nìkan ló gbọ́. "Ẹ wò mí, mà! Màámi, èmi rèé!"

Ìyá rẹ̀ ti dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá afẹ́fẹ́ kiri bí ẹni tí iná kú mọ́ lórí. "Ó bá mi wá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú kẹ̀kẹ́. Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màdáámù Charity wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ mi ń dúró. Bí kò bá sí, ta ló ṣe ìkejì?"

"Gbóyèga Ṣóbọ̀wálé," ni ọ̀gá wí.

Gbóyèga dìde. Àga náà wà níwájú rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré. Ó rí bàbá rẹ̀ l'Óǹdó, ó rí yàrá tí iná kì í kú. Ó sì rí ohun tí yóò máa rí nínú yàrá náà títí ayé rẹ̀. Ọmọ́wùnmí dúró lójú ọ̀nà, omijé gbẹ sí i lójú.

"O ń rí mi," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́. "Àbí o ò rí mi?"

Ẹ má jẹ́ ká pa irọ́ pé ìwà rere ló bà lé Gbóyèga. Àárẹ̀ ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí ènìyàn ti lè máa gbé ìkà rìn.

"Èmi ni mo ṣe é," ló wí sókè, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́. "Ẹbu ni mo fẹ́ sórí àga rẹ̀. Wọ́n ní ẹnu tó bá tọ́ka sí i ló máa gbé e wọ̀. Ọmọ́wùnmí, ṣé o gbọ́? Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń sọ ọ́: ìwọ má ṣe tọ́ka sí mi padà." Ó na ìka. "Ẹ wò ó. Òun rèé."

Ìyá kan ké. Ọwọ́ tó ń wá afẹ́fẹ́ kiri bá èjìká ọmọ pàdé. Gbọ̀ngàn ya bo àwọn méjèèjì, ẹkún, ẹ̀rín, "Jésù o!", "Subuhanallahi!"

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Abdulganiyy bojú wẹ̀yìn. "Gbóyèga ọ̀hún dà?"

Gbóyèga wà níwájú rẹ̀. Ẹnì kan gbé báàgì lé e lórí.

* * *

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń ya nǹkan lábẹ́ bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ n'Íyànà Ìpájà. Wọ́n ta aṣọ àwọ̀ ewé ńlá, Ọmọ́wùnmí sì jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀, ó ń wo ohun tí kámẹ́rà ń mú wá.

Ọkùnrin kan wọ inú àwòrán. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti dé àyà. Láti oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń jókòó lé e lẹ́sẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń da omi ìfọṣọ sí i lára, tí bàbá rẹ̀ l'Óǹdó ń gbé ìjókòó kọlù ú kọjá. Ó dúró níwájú aṣọ náà, ó ń wo kámẹ́rà, bí ẹni tí kò retí nǹkan kan.

Ọwọ́ Ọmọ́wùnmí dúró. Ẹni tó bá ti gbé ìlú kan rí, ó máa ń mọ ojú ará ibẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò ó tààrà. Ètè rẹ̀ là. Orúkọ náà ti dé ahọ́n rẹ̀.

Ó pa ẹnu dé.

Ó wò ó pẹ́, ojú rẹ̀ sì kún. Ó wá ti ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó mú búrẹ́dì jáde, ó fà á sí méjì. Ó gbé ìdajì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"O ti jẹun?" ló wí, kò wo ibì kankan.

Ọkùnrin tó di kámẹ́rà mú yíjú sí i. "Mà? Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni," ni Ọmọ́wùnmí dáhùn. "Ẹ máa yà á lọ."

Gbóyèga jókòó tì í, ó jẹ búrẹ́dì náà. Kí ó tó jẹ ẹ́ tán, oorun oṣù mẹ́jọ gbé e lọ lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, àwọn èrò Ìyànà Ìpájà sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.